Títọ́ ìfojúsùn ìbọn ìdánrawò ológun .22

Títọ́ ìfojúsùn ìbọn ni títún irin ìfojúsùn iwájú àti ti ẹ̀yìn tò, títí ọta yóò fi máa bà síbi tí ayìnbọn fẹ́ kó bà, ní ìwọ̀n jíjìn kan pàtó. Àwọn ìbọn àtijọ́ tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé jọ ìbọn ogun ní ìrísí, ṣùgbọ́n ọta .22 Long Rifle, ọta kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 5.6, tó ti wà láti 1887, ni wọ́n ń yìn.

Ìtàn

Ọta .22 kò wọ́n, kò pariwo púpọ̀, kì í sì í gbá ayìnbọn léjìká; ìdí nìyí tí àwọn ológun fi lò ó fún ìdánrawò. Amẹ́ríkà lo Springfield M1922 àti Mossberg 44US, Jámánì lo DSM34 àti KKW tó jọ Mauser 98k, ìbọn ogun wọn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì lo Lee-Enfield No. 8 fún àwọn kádẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ológun.

Irin ìfojúsùn

Lára M1922, irin ẹ̀yìn jẹ́ ihò roboto tí a ń fi síkúrù gbé sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. KKW ló gba sùúrù. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ní ojú ṣíṣí, a sì ń sún un lórí ìwọ̀n tí wọ́n kọ láti mítà 25 dé 200. Bí ọta bá ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, irin iwájú ni a ó rọra gbá nínú àyè rẹ̀.

Irin ẹ̀yìn máa ń lọ síbi tí a fẹ́ kí ọta lọ. Irin iwájú máa ń lọ sí òdìkejì. Láti mọ bí yóò ti sún tó, a ó fi àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì ṣe ìlọ́po ìwọ̀n tí ọta fi yà, a ó sì fi jíjìn àmì (ohun tí a ń yìnbọn sí) pín in. Bí àlàfo náà bá jẹ́ mílímítà 600, tí ọta sì yà ní mílímítà 50 ní mítà 25, mílímítà 1.2 péré ni. Ìdí nìyí tí òòlù ńlá kò fi yẹ iṣẹ́ yìí.

Bí ọta bá ń bà nísàlẹ̀, tí irin ẹ̀yìn kò sì ṣeé gbé sókè mọ́, wọ́n lè fi ayùn-irin dín orí irin iwájú kù. Ohun tí a bá ti rẹ́ kò ṣeé dá padà, ó sì lè dín iyì ìbọn àtijọ́ kù lójú àwọn tó ń kó o jọ; ó sàn kí a wá irin mìíràn.

Ọta

Ibí yìí ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù. Ọta tó wúwo tó gíráàmù 2.6, tó ń jáde ní nǹkan bíi mítà 330 ní ìṣẹ́jú àáyá, tètè ń wálẹ̀: ìbọn tí a tọ́ fún mítà 50 lè bà ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ nísàlẹ̀ ní mítà 100. Àmì tí wọ́n kọ sára irin ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀rí fún ọta òde òní, nítorí ìyára wọn yàtọ̀ síra. Bí a bá pààrọ̀ irú ọta, epo tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀pá ìbọn lára. Ihò àkọ́kọ́ mélòó kan kì í ṣe ohun tí a ń kà.

Bí a ṣe ń ṣe é

A ó rí i pé ìbọn ṣófo, pé síkúrù ìdí rẹ̀ le dáadáa, pé ohun tó lè dá ọta dúró wà lẹ́yìn àmì, nítorí ọta kékeré yìí lè rìn ju kìlómítà kan lọ. A ó bẹ̀rẹ̀ ní mítà 25, ìbọn lórí àpò iyanrìn, a ó yin ọta márùn-ún láìtún nǹkan kan ṣe, kí a tó wọn àárín ìṣùpọ̀ ihò náà. Ẹni tó ń fojú sun ìsàlẹ̀ àmì dúdú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ bá àmì tó tóbi báyìí nìkan mu. Bí ìwọ̀n àmì bá yí, ibi tí ọta ń bà lórí rẹ̀ yóò yí.