Fídíò ijó etí òkun tó ń da ọkàn wa láàmú: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wọn

Fídíò kan ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn lórí WhatsApp láàárín àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kétu. Àwọn ọmọge tó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń sáré nínú iyanrìn etí òkun, wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn níkùn. Ọ̀kan nínú wọn wọ aṣọ pupa, ó jó títí ó fi ṣubú. Ẹnì kan wá fi ohùn lé e lórí pé wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ rúbọ ni. Látìgbà náà ni ìbéèrè ti ń wọlé.

Ṣé wọ́n pa ọmọ náà ni?

Rárá. Oníjó ni. Ibi tí ó ṣubú sí ni ijó parí sí.

Kí gan-an là ń wò nígbà náà?

Ijó orí ìtàgé ni, wọ́n ń pè é ní Le Sacre du printemps, ìyẹn ètùtù ìgbà ìrúwé. Igor Stravinsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló kọ orin rẹ̀. Ìlú Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ jó o lọ́dún 1913, ariwo sì sọ láàárín àwọn òǹwòran lọ́jọ́ náà. Ìtàn rẹ̀ ni pé àwùjọ kan yan ọmọbìnrin kan kó máa jó títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ̀, nítorí àtirí ojúrere ilẹ̀.

Lọ́dún 1975, Pina Bausch, obìnrin ará Jámánì, ṣẹ̀dá ijó tirẹ̀ sí orin yìí. Ó da erùpẹ̀ dúdú bo gbogbo ìtàgé, kí ó lè máa lẹ̀ mọ́ ara tó ń làágùn. Ẹ tún fídíò náà wò, àmọ́ ẹ tẹjú mọ́ ọwọ́ àwọn obìnrin nìkan. Ẹ ó rí i pé ọwọ́ ń gbọ̀n tí aṣọ pupa bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí ẹni tó fẹ́ kó kù sí òun lọ́wọ́, torí ẹni tó bá kù sí lọ́wọ́ ni wọn yóò yàn. Nígbà tí wọ́n sì yan ẹni náà tán, ẹ wo àwọn tó kù: wọ́n dúró, wọ́n ń wò. Lójú tèmi, àwọn tó dúró ń wòran yìí ni ijó náà ń dá lẹ́bi. Nítorí náà, ẹni tó sọ pé ijó náà ń ti ìpànìyàn lẹ́yìn ti gbé ọ̀rọ̀ náà gba òdìkejì.

Lọ́dún 2020, àwọn oníjó láti orílẹ̀-èdè 14 ní Áfíríkà kọ́ ijó yìí ní Toubab Dialaw, ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ sí Dakar ni kòrónà ti gbogbo ilẹ̀kùn. Wọ́n bá jó o ní etí òkun ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ya á. Èyí tí wọ́n gé nínú rẹ̀ ló wà lórí fóònù yín.

Kí ló wá kan Àjàṣẹ́ nínú rẹ̀?

Ó kàn án gan-an. Germaine Acogny, obìnrin tó dá ilé ẹ̀kọ́ ijó tí wọ́n ti kọ́ ọ sílẹ̀, Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1944. Ọmọ Yorùbá ni ìyá bàbá rẹ̀, abọ̀rìṣà sì ni. Láti kékeré ni wọ́n ti mú Germaine lọ sí Sẹ̀nẹ̀gàl. Láti 1977 sí 1982, òun ló darí Mudra Afrique, ilé ẹ̀kọ́ ijó tí Léopold Sédar Senghor, ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl nígbà náà, àti Maurice Béjart, aṣẹ̀dá ijó ará Faransé, dá sílẹ̀ ní Dakar. Lọ́dún 1998, òun àti ọkọ rẹ̀ Helmut Vogt dá École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw. Lọ́dún 2021, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice, ní Ítálì, fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ọ̀pá ẹ̀yìn ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní ejò ni, kí ẹ jẹ́ kó rìn. Ó ní àyà ni oòrùn, ìdí ni òṣùpá. Ẹ dìde, ẹ fi ọ̀pá ẹ̀yìn yín dán an wò láìgbé ẹsẹ̀. Ẹ ó mọ̀ pé ijó wa ló ti mú un. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ kò gbọ́ orúkọ obìnrin yìí rí.

Kí ló dé tí kò jọ ijó tiwa?

Ní Kétu, nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ oníjó ló ń dáhùn. Irin ọrùn ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dún mọ́ ìlù, kí àwọn méjèèjì sì jọ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́, gbogbo agbo ló máa gbọ́. Àwọn ìyá wa ni a ń fi ijó náà yẹ́ sí. Ní ti ijó ìgbàlódé bíi ti inú fídíò yìí, ó ní ẹni kan tó ṣẹ̀dá rẹ̀, tó lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìbéèrè kan: báwo ni ẹni tí ẹ̀rù ń bà ṣe ń mí? Wọ́n á dán ọ̀pọ̀ nǹkan wò, wọ́n á sọ èyí tó pọ̀ nù, wọ́n á tún ìyókù ṣe títí yóò fi dúró.

Ṣé wọ́n lè fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe irú rẹ̀?

Wọ́n lè yá ìṣísẹ̀, bí wọ́n bá kọ́kọ́ bi àwọn tó ni ín, tí wọ́n dárúkọ wọn, tí wọ́n sì pín owó fún wọn. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún àṣà pàtàkì lọ́dún 2001, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ ogún aráyé lọ́dún 2008, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè bu mú. Ohun tí àwọn àgbà bá ní kò gbọdọ̀ jáde, kó má jáde.

Ọmọ mi ní òun fẹ́ fi ijó ṣe iṣẹ́. Ṣé kí n gbà?

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tó ti ń kọ́ ọ. Ẹ béèrè irú ilẹ̀ tí wọ́n ń jó lé, torí kọ̀ǹkéré lílé máa ń ba orúnkún jẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò mú un lọ sí Yúróòpù, ẹ gba ìwé àdéhùn tó kọ iye owó, ọjọ́ àti ẹni tó máa sanwó dókítà. Ẹ má fi ìwé ìrìnnà ọmọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni kí n ṣe sí fídíò náà?

Èyí tí ohùn yẹn wà lórí rẹ̀, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé àwọn ọ̀dọ́ oníjó tí kò rí gbọ̀ngàn máa ń fi ìta gbangba kọ́ ijó. Ẹni tó bá ti gba irọ́ yìí gbọ́ lè pariwo mọ́ wọn, kí èrò sì pé lé wọn lórí. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ sún mọ́ wọn, ẹ kí wọn, ẹ bèèrè olórí wọn, ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe.