Ìwọ̀fà Atẹ̀wé: Bí Gbèsè Ṣe Mú Weird Tales Pẹ́ Láyé

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Weird Tales, mágásíìnì ìtàn ẹ̀rù àti ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní oṣù kẹta ọdún 1923, gbólóhùn kan náà ló máa ń tẹ̀lé e: H. P. Lovecraft, òǹkọ̀wé ìtàn ẹ̀rù, ló gbé e ró. Ọ̀rọ̀ náà ti di àkọ́sórí, ó sì ń sú ni. Nígbà ayé Lovecraft, Seabury Quinn ni àwọn òǹkàwé ń yìn jù nínú The Eyrie, ojú ewé tí mágásíìnì náà yà sọ́tọ̀ fún lẹ́tà. Quinn kọ ìtàn tó lé ní 90 nípa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Faransé kan tó ń lépa iwin àti àǹjọ̀nú. Lónìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Léraléra ni olóòtú dá ìtàn Lovecraft padà fún un. Nígbà tí Lovecraft kú ní 1937, mágásíìnì náà ṣì jáde fún ọdún 17 lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó gbé Weird Tales ró, ìwé gbèsè ni kó ṣí. Orúkọ tó máa bá níbẹ̀ ni ti B. Cornelius, atẹ̀wé ní ìlú Indianapolis.

Òwò mágásíìnì olówó pọ́ọ́kú ní Amẹ́ríkà nígbà náà kò ṣòroó yé ni. Àwìn ni atẹ̀wé fi ń ṣiṣẹ́: á tẹ ìwé lónìí, owó rẹ̀ á dé lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta. Àwọn apínwèé á kó o lọ bá àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn káàkiri, àmọ́ àwọn náà kò rà á pa. Èyí tí kò bá tà, wọ́n á ya èèpo rẹ̀ dá padà, onímágásíìnì ló sì máa gbé àdánù rẹ̀. Kí owó oṣù kẹta tó wọlé, ti oṣù kẹrin àti ti ìkarùn-ún ti wà lórí ẹ̀rọ. Kò sí onímágásíìnì tí kì í jẹ atẹ̀wé lówó, àfi kí ti ẹnì kan pọ̀ ju ti ẹnì kejì lọ.

Ti J. C. Henneberger pọ̀. Òun àti J. M. Lansinger ni wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ tó ń gbé Weird Tales jáde sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé mágásíìnì ìtàn ọ̀daràn kan, Detective Tales, jáde pẹ̀lú rẹ̀. Edwin Baird, olóòtú àkọ́kọ́, kò fẹ́ràn ìtàn ẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí ìwọ̀n ìwé padà, ọjà kò yá. Wọ́n fi orúkọ Harry Houdini, onídán tí gbogbo ayé mọ̀, fa èrò; Lovecraft ni wọ́n fún ní 100 dọ́là kó bá a kọ ọ̀kan nínú ìtàn rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ìyẹn náà kò tó. Lẹ́yìn ẹ̀dà 13, gbèsè tó wà nílẹ̀ ti lé ní 40,000 dọ́là. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dí oṣù karùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje ọdún 1924. Ó di oṣù kọkànlá kí òmíràn tó jáde.

Inú àlàfo yẹn ni ohun tó dùn jù nínú ìtàn mágásíìnì yìí ti ṣẹlẹ̀, kò sì sí iwin kankan níbẹ̀. Henneberger fi Detective Tales sílẹ̀ fún Lansinger, ó di Weird Tales mú. Cornelius ni wọ́n jẹ lówó jù. Dípò kó gbẹ́sẹ̀ lé ìwọ̀nba ohun tí wọ́n ní, ó gbà kí wọ́n dá ilé iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, Popular Fiction Publishing Company, kí èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín ìdókòwò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òun. Àdéhùn wọn ni pé bí èrè bá san gbèsè tán, ohun ìní á padà sọ́wọ́ Henneberger. Èrè náà kò tó rí.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yá ìwọ̀fà láyé àtijọ́ ti mọ bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Baba tó jẹ gbèsè á fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lóko olówó kì í dín owó kù rárá. Èlé lásán ni. Ọjọ́ tí baba bá san owó pé ni ọmọ tó ń darí sílé, bó sì gba ogún ọdún, ogún ọdún náà ni. Ṣùgbọ́n olówó kì í fẹ́ kí nǹkan ṣe ìwọ̀fà rẹ̀. Bó bá ṣàìsàn, á wá egbòogi fún un, nítorí ọjọ́ tí ìwọ̀fà ò bá lè dìde, èlé ọjọ́ náà ti wọmi.

Weird Tales di ìwọ̀fà Cornelius. Ká ní ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1924, kí ni ì bá kó? Orúkọ kan tí kò tíì pé ọdún méjì, àti ìtàn tí wọn ò tíì tẹ̀. Owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àmọ́ bó bá ń tẹ̀ ẹ́ nìṣó, owó ìtẹ̀wé oṣooṣù ń padà sápò rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì dúró lásán. Ohun tó jẹ́ àdánù nínú ìwé mágásíìnì, apá kan rẹ̀ jẹ́ owó iṣẹ́ nínú ìwé ilé ìtẹ̀wé. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jọ pé kò sẹ́ni tó jókòó gbèrò rẹ̀: ẹni tó lágbára láti pa mágásíìnì náà ni ikú rẹ̀ máa pa lára jù lọ.

Ìwọ̀fà sì máa ń ní oko tirẹ̀. Bó bá ti kọ iye ebè tó jẹ́ ti olówó tán, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀. Oko ìdákọ yẹn ni wọ́n fà lé Farnsworth Wright lọ́wọ́ nígbà tó di olóòtú ní oṣù kọkànlá 1924. Alárìíwísí orin ni Wright jẹ́ tẹ́lẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kan ní Chicago, àìsàn tó ń mú ara gbọ̀n sì wà lára rẹ̀. Atẹ̀wé ń wo ìṣirò, Wright ń wo ìtàn. Edmond Hamilton, òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì, bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1926, ọdún kan náà tí Amazing Stories, mágásíìnì Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti ìtàn sáyẹ́ǹsì nìkan, jáde. Ọmọ ọdún 17 kan tí wọ́n ń pè ní Thomas Lanier Williams rí ìtàn rẹ̀ níbẹ̀ ní 1928. Tennessee Williams, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, ni ọmọ náà padà dà. Wọ́n fojú bù ú pé ẹ̀dà tó ń tà lóṣù kan kò ju 50,000 lọ. Ẹni tó ń lépa èrè kì bá gba irú oko bẹ́ẹ̀ láàyè.

Apá tí kò dára nínú ètò yìí ni pé olówó kejì wà nílẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń yá ẹnikẹ́ni lówó. Òǹkọ̀wé ni. Ìdajì sẹ́ǹtì sí sẹ́ǹtì kan ni wọ́n ń san lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn àyànfẹ́ díẹ̀ a máa gba sẹ́ǹtì kan ààbọ̀. Ìgbà tí ìtàn bá jáde ni owó tó yẹ ní sísan, kì í ṣe ìgbà tí olóòtú bá gbà á. Bí ọjà bá le, ìtàn á jáde tán, owó kò ní dé. Robert E. Howard, ẹni tó dá Conan, akọni inú ìtàn, sílẹ̀, kọ lẹ́tà sí Wright láti Texas ní oṣù karùn-ún 1935 pé wọ́n jẹ òun ní owó tó ju 800 dọ́là lọ, nígbà tí owó ìtọ́jú ìyá rẹ̀ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó kú ní oṣù kẹfà 1936, wọn ò tíì san án tán. Cornelius ní ìpín ìdókòwò tó lè dì mú. Howard kò ní ju lẹ́tà lọ. Gbèsè kan náà ló so àwọn méjèèjì mọ́ mágásíìnì yìí, ọ̀kan ń darí rẹ̀, èkejì ń bẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó ṣe é bó ṣe yẹ wà. Ní 1931, ilé iṣẹ́ Clayton gbé Strange Tales dìde láti bá Weird Tales du ọjà. Sẹ́ǹtì méjì lórí ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sì ń san án nígbà tí wọ́n bá ti gba ìtàn. Ó ṣòro láti má fẹ́ràn wọn. Ẹ̀dà méje ló jáde. Ní 1933, Clayton wó. Ṣáájú ìyẹn, báńkì kan ní Indianapolis tí owó Weird Tales wà nínú rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, mágásíìnì náà sì ń jáde ní oṣù méjì méjì fún ìgbà díẹ̀ ní 1931, lẹ́yìn náà ó padà sí oṣooṣù. Clayton kò ní atẹ̀wé tó jẹ́ pé ìwàláàyè mágásíìnì ni owó tirẹ̀ rọ̀ mọ́.

Ní 1938 wọ́n ta Weird Tales fún William J. Delaney, tó ń gbé mágásíìnì Short Stories jáde ní New York. Ìwọ̀fà ti kúrò lóko. Ẹni tó fi owó ra nǹkan fún èrè, ojú èrè ló fi ń wò ó: ní 1939 iye owó rẹ̀ já láti sẹ́ǹtì 25 sí 15, ní 1940 ó di oṣù méjì méjì. Wright kúrò lọ́dún yẹn, ó sì kú ní oṣù kẹfà. Margaret Brundage, tó ti ń ya àwòrán èèpo rẹ̀ láti 1932, fi ṣọ́ọ̀kì yà á, Chicago ló sì ń gbé. Kí àwòrán tó dé New York, ó ti lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Dorothy McIlwraith, tó ń ṣe olóòtú Short Stories náà, fi ìwọ̀nba owó tí wọ́n fún un tọ́jú Weird Tales fún ọdún 14. Ẹ̀dà oṣù kẹsàn-án 1954, èyí tó jẹ́ ìkọkàndínlọ́gọ́rin lé ní igba, ni ìkẹyìn.

Leo Margulies ra orúkọ náà, ẹ̀dà mẹ́rin jáde láàárín 1973 àti 1974. Ní 1988, àwọn mìíràn tún jí i dìde ní Philadelphia. Orúkọ nìkan ni gbogbo wọn ń ná owó lé lórí, orúkọ tí Cornelius ì bá rí gbà ní 1924 tí kò bá fẹ́ tẹ̀wé mọ́, nígbà tí kò tíì níye lórí.