Òfin Tó Ń Sáré Lẹ́yìn Fóònù: Ìbéèrè Láti Ọjà Kábbà

Lásìkò kajú tó kọjá, mo tò sórí ìlà níwájú obìnrin kan tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn ní Kábbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ìlà gùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀. Lẹ́yìn tí a kí ara wa ní “òkun”, bí a ṣe ń kíni ní agbègbè wa, tó gbọ́ pé ìmọ̀ òfin ni mo kà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ọ̀rọ̀ nípa òfin tó de òwò orí fóònù, àwọn tó wà lórí ìlà sì bá a dá sí i. Ìbéèrè wọn nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn tó kún ju èyí tí mo fún wọn lójú ẹsẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹ̀yìn iṣẹ́ ni òfin máa ń dé?

Ìdáhùn: Ṣọ́ọ̀bù ni òfin àtijọ́ mọ̀. Ó mọ ilé tó ní ògiri àti pátákó orúkọ, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè fi rìsíìtì lọ́wọ́ wọlé bá onílé. Ọmọbìnrin tó ń ta gèlè lórí WhatsApp láti yàrá rẹ̀ ní Ìsánlú kò ní pátákó. Ẹni tó ń ra kajú káàkiri Ìjùmú, tó ń fi fóònù sanwó fún àgbẹ̀ nínú oko, kò ní ògiri.

POS fúnra rẹ̀ ni ẹ wò. Láti ọdún 2013 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ti ṣe ìlànà fún àwọn aṣojú báńkì, irú èyí tí àwọn oní-POS ń ṣe. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí wọ́n ń pààrọ̀ owó àtijọ́ sí tuntun, tí náírà di ohun àwátì, àwọn oní-POS di báńkì fún ọ̀pọ̀ ìlú wa, láìsí ẹni tó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 2024 ni CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, tó wá ní kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Wọ́n fi gbèdéke sí ọjọ́ 7 oṣù Keje, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ìlànà àkọ́kọ́ jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí pírámárì.

Ìbéèrè: Ṣé kò ní dáa kí wọ́n kúkú fi wá sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló sọ èyí, mo sì bi í bóyá ó ti yá owó lórí ààpù rí. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ààpù ayánilówó kan máa ń kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù ẹni. Tí owó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á kọ̀wé sí àna rẹ, sí pásítọ̀ rẹ, sí ọ̀gá rẹ, pé olè ni ọ́. Ní 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà gbé ìlànà jáde pé kí àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Ní 2023, òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni jáde. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi ọjà sílẹ̀ láìsí òfin, kò tíì rí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Kí wọ́n fòfin dè é pátápátá ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Ní oṣù Kejì 2021, CBN pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣe òwò crypto, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òwò náà kò kú, ó sá wọgbó ni. Àwọn èèyàn ń tà á fún ara wọn lórí Telegram àti WhatsApp, níbi tí ìjọba kò ti lè rí wọn. Ní oṣù Kejìlá 2023, CBN yí àṣẹ náà padà, nígbà tó sì di 2025, òfin tuntun fi irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ sábẹ́ SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò. Ọdún méjì ààbọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi lé e kiri kí wọ́n tó pè é wálé.

Ìbéèrè: Ṣé ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe é dáadáa?

Ìdáhùn: Kẹ́ńyà. Nígbà tí M-Pesa bẹ̀rẹ̀ ní 2007, tí iléeṣẹ́ fóònù Safaricom fẹ́ máa bá èèyàn fi owó ránṣẹ́, kò sí òfin kankan níbẹ̀ tó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Báńkì àpapọ̀ wọn kò sọ pé kó dúró di ìgbà tí òfin bá jáde. Wọ́n kọ lẹ́tà pé àwọn kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n owó oníbàárà gbọ́dọ̀ wà ní báńkì lọ́tọ̀, lọ́wọ́ alágbàtọ́jú, tí Safaricom kò fi ní lè ná an. Wọ́n wá ń wo bó ṣe ń lọ. Òfin ètò ìsanwó wọn kò dé títí di 2011, ìlànà tó tẹ̀lé e sì di 2014.

Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé wọn kò béèrè bóyá báńkì ni Safaricom tàbí iléeṣẹ́ fóònù. Ohun tó lè ba tálákà lẹ́rù ni wọ́n béèrè: tí iléeṣẹ́ yìí bá wó, owó mi ńkọ́? Ewu ni wọ́n dì mú, wọ́n jọ̀wọ́ irinṣẹ́. Lójú tèmi, gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2016. Wọ́n fún àwọn iléeṣẹ́ tuntun ní àyè kékeré láti dán ọjà wọn wò lábẹ́ ìṣọ́ ìjọba kó tó tàn ká. CBN náà ṣe ìlànà irú àyè ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní 2021. (Èmi kò tíì rí ará Ìyárá kan tó bá wọn dé bẹ̀.)

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí máṣíìnì mi má kúrò lójú kan. Ọjọ́ ọjà ńkọ́?

Ìdáhùn: Oní-POS náà ló bi mí léyìí, ìbéèrè rẹ̀ ló sì le jù. Ní 2025, CBN pàṣẹ pé kí wọ́n so máṣíìnì kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi iṣẹ́ tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ yé mi, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n: àwọn ajínigbé ń fi POS gba owó, kò sì sí ìdílé kan ní agbègbè wa tí ọ̀rọ̀ ajínigbé kò kàn. Ṣùgbọ́n ọjà wa kì í jókòó sójú kan. Obìnrin tó ń ṣe POS níwájú ilé rẹ̀ lónìí, ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń ná ọjà ló ń lọ lọ́la.

Iye owó náà tún wà níbẹ̀. Láti òpin 2024, oníbàárà kan kò gbọ́dọ̀ gbà ju 100,000 náírà lọ lọ́jọ́ kan lọ́dọ̀ oní-POS, oní-POS fúnra rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ san ju 1.2 mílíọ̀nù náírà lọ lójúmọ́. Ní oṣù tí òjò ń rọ̀, ta ló ń wá irú owó yẹn? Lásìkò kajú, àgbẹ̀ tó fẹ́ san owó àwọn tó bá a ṣa kajú á lọ, á bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Kò sóhun tó ní kí wọ́n fagi lé òfin náà. Kí wọ́n jẹ́ kí oní-POS lè forúkọ ojúkò méjì mẹ́ta sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ọjà ibẹ̀. Kí ìwọ̀n owó lè ròkè láwọn oṣù tí àgbẹ̀ ń tajà. Kọ̀ǹpútà tó lè mọ ibi tí máṣíìnì wà, ṣé kò lè mọ ọjọ́ ọjà ni?

Ìbéèrè: Tí mo bá forúkọ sílẹ̀, ṣé owó orí kọ́ ló kàn?

Ìdáhùn: Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí wọ́n gba owó orí lé lórí lọ́dún kò ní owó orí kankan, nítorí náà ẹni tí tirẹ̀ kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní san án.

Ìbéèrè: Ta ló ń bi wá kí wọ́n tó ṣòfin?

Ìdáhùn: CBN máa ń gbé àbá ìlànà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ní ohun láti sọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ojú ìwé a sì máa pọ̀. Mo sọ fún obìnrin náà pé ó yẹ kí wọ́n kà á lórí rédíò ní èdè wa, kí wọ́n sì rán ẹnì kan wá sí Kábbà wá jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́.

Ó ka owó mi fún mi, ó tún un kà. “Tí wọ́n bá ń bọ̀,” ló wí, “kí wọ́n má wá lọ́jọ́ ọjà o. A ò ní ráyè wọn.”