Eyín Tí Ó Dákẹ́ Kò Tíì Sàn: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Inú Gbòǹgbò Eyín

Èrò kan wà tí ó ti ba ọ̀pọ̀ eyín jẹ́, òun náà ni pé eyín tí kò dunni mọ́ ti sàn. Ẹni tí eyín kò jẹ́ kí ó sùn fún ọ̀sẹ̀ kan a jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láìní ìrora kankan, inú rẹ̀ a sì dùn, a pa ọ̀rọ̀ dókítà eyín tì. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹran rírọ̀ tí ń mọ ìrora nínú eyín ti kú, àrùn tí ó pa á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ni ó kún inú ẹran yìí. Ihò bíńtín tí ó wà ní ṣóńṣó gbòǹgbò ni wọ́n ń gbà wọlé, fífẹ̀ ihò náà kì í sì í sábà tó ìdajì mìlímítà. Bí ìka bá gbọgbẹ́, ó lè wú, nítorí pé awọ ara a máa fẹ̀. Ẹran inú eyín kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ògiri líle ni ó yí i ká. Nígbà tí kòkòrò àrùn bá gba ojú ihò tí ó ti jẹrà tàbí ojú ibi tí eyín ti là dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó sì fẹ́ wú, ara rẹ̀ ni yóò máa fún mọ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráàyè ṣàn bí ó ti yẹ, ẹran náà a sì máa kú díẹ̀díẹ̀ láti orí eyín lọ sí ṣóńṣó gbòǹgbò.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ara ń gbà rìn, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń gbé oògùn apakòkòrò tí a bá gbé mì kiri, ìdí nìyí tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ fi lè dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú kù fún ìgbà díẹ̀ láìfọwọ́ kan orísun àrùn. Bí ó bá pẹ́, oró kòkòrò a máa jò gba ṣóńṣó gbòǹgbò sínú eegun, eegun ibẹ̀ a máa jẹ, ọyún a sì kó jọ.

Pé kòkòrò gan-an ni ọ̀tá, ìwádìí tí Kakehashi, Stanley àti Fitzgerald tẹ̀ jáde ní ọdún 1965 ti fi hàn kedere. Wọ́n lu eyín àwọn eku títí ó fi kan ẹran inú rẹ̀. Lára àwọn eku tí a tọ́ níbi tí kò sí kòkòrò kankan, ẹran náà yè, ó sì mọ ògiri tuntun dí ojú ọgbẹ́. Lára àwọn eku yòókù, ńṣe ni ó kú tí ó sì jẹrà.

Nítorí náà, ìmọ́tótó ni gbogbo ìtọ́jú inú gbòǹgbò eyín, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní root canal. Àwòrán X-ray, abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú ibẹ̀ kú, àti rọ́bà pẹlẹbẹ tí a fi ń ya eyín sọ́tọ̀ kí itọ́ má baà wọnú rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti lu orí eyín, a ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ṣeé tẹ̀ ha ọ̀nà inú gbòǹgbò, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Ọ̀nà náà kì í rí gbọọrọ bí páìpù. A máa tẹ̀, a máa pẹ́ka, ẹ̀ka méjì a sì tún máa pàdé. Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn eyín ìlọnǹkan ńlá sábà máa ń ní gbòǹgbò mẹ́ta, síbẹ̀ ọ̀nà inú rẹ̀ lè jẹ́ mẹ́rin, ìkẹrin yìí ni ojú sì máa ń fò. Ìwádìí tí Peters àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ògiri ọ̀nà wọ̀nyí, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni irin kì í fọwọ́ kàn.

Ẹni tí ó bá ti fọ kèrègbè ọlọ́rùn tóóró rí yóò tètè lóye ohun tí ó kù. Ọwọ́ kò lè wọ inú kèrègbè, igi kò sì lè dé gbogbo kọ́lọ́fín rẹ̀. Omi ni a ń dà sí i, tí a ń gbọ̀n ọ́n, tí a ń dà á nù, tí a tún ń dà òmíràn sí i. Omi tí a ń lò fún eyín ni sodium hypochlorite, èròjà kan náà tí ó wà nínú omi tí a fi ń mú aṣọ funfun. Ó ń pa kòkòrò, ó sì ń yọ́ ẹran òkú. Lójú tèmi, ọgbọ́n ìtọ́jú yìí wà níhìn-ín: irin ń la ọ̀nà, omi ni ó ń ṣiṣẹ́. Kèrègbè tiwa yìí kàn ní ihò nídìí ni, bí omi náà bá sì já síta, yóò jó ara. Nítorí náà ni a fi ń fi ẹ̀rọ iná kékeré wọn gígùn ọ̀nà kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a ó fi gutta-percha, oje igi tí ó máa ń rọ̀ bí ó bá gbóná, dí ọ̀nà náà pinpin. Ẹran inú eyín ti lọ, ṣùgbọ́n òkú eyín kọ́ ni ó kù sẹ́nu, nítorí pé okùn ẹran tí ó so gbòǹgbò mọ́ eegun ṣì wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ sì ń bọ́ ọ láti ìta.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ìrora ti lọ kí iṣẹ́ tó parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í padà wá fún ìbòrí líle tí a ń fi dé orí eyín, bẹ́ẹ̀ eyín ìlọnǹkan tí a ti gbẹ́ inú rẹ̀ lè là sí méjì lábẹ́ agbára ìjẹun, kòkòrò sì lè gba ojú ohun tí a fi dí orí eyín fún ìgbà díẹ̀ wọlé padà. Wọn kì í sì í padà wá ya àwòrán kejì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, nígbà tí ojú dúdú tí ó hàn nínú àwòrán ní ṣóńṣó gbòǹgbò, níbi tí àrùn ti jẹ eegun, bá yẹ kí ó ti máa kéré sí i bí eegun tuntun ṣe ń hù bò ó.