Ènìyàn Méjìlá Péré, Ṣé Ìwádìí Nìyẹn?

Ìbéèrè: Àbúrò mi ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń pín ìròyìn tí wọn ò tíì yẹ̀ wò lórí WhatsApp. Ènìyàn méjìlá péré ló fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kò sì sí àtẹ òǹkà kankan nínú rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ìtàkurọ̀sọ lásán ni wọ́n ń pè ní ìwádìí yìí?

Ìdáhùn: Ìwádìí ni, bó bá ti ṣe é bó ṣe yẹ. A ti fi òǹkà ṣe ẹ̀rí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ohun tí a kò bá kà, a kì í kà á sí.

Lọ́dún 1941, ní New York, Paul Lazarsfeld, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, mú akẹgbẹ́ rẹ̀ Robert Merton lọ wo bí wọ́n ṣe ń dán ètò orí rédíò wò. Àwọn olùgbọ́ jókòó, bọ́tìnnì méjì wà níwájú olúkúlùkù: kí wọ́n tẹ pupa bí ohun tí wọ́n ń gbọ́ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n tẹ àwọ̀ ewé bó bá wù wọ́n. Ẹ̀rọ ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òǹkà nìyẹn, ó sì péye. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí, ẹni tí kò gbà á gbọ́, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti sú, pupa kan náà ni gbogbo wọn tẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀yàtọ̀. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún, ìyẹn ni wọ́n fi ní láti bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ètò náà. Merton wá ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń béèrè ń darí wọn síbi tó fẹ́ kí wọ́n dáhùn sí. Ó sọ fún Lazarsfeld, ìyẹn sì ní kó bọ́ síbẹ̀ kó wá bi àwọn tó kàn fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ wà lára ibi tí ìjíròrò àwùjọ kékeré (focus group), tí àwọn oníwàádìí ń lò dòní, ti ṣẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ méjìlá? Ta ló yan iye yẹn?

Ìdáhùn: Lọ́dún 2006, oníwàádìí kan, Greg Guest, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì yẹ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 60 wò. Wọ́n rí i pé nígbà tí wọ́n fi ka méjìlá àkọ́kọ́ tán, èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọ̀rọ̀ ti jáde. Àwọn tó kù ń tún un sọ ni. Látìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ méjìlá di òfin, tí kì í sì í ṣe òfin. Àwọn tí wọ́n bi yẹn jọ ara wọn ní ipò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì bi wọ́n. Bí àbúrò yín bá kó ọ̀dọ́, arúgbó, oníròyìn àti olùkọ́ pọ̀, méjìlá lè má tó o.

Ìbéèrè: Báwo ni ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń di èsì?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an rèé, ó sì ń gba sùúrù. Ọ̀rọ̀ wákàtí kan lè gba wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ láti kọ sílẹ̀. Ká ní ẹnì kan sọ pé: “Mo kàn fi ránṣẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ sí mi, mi ò lè máa bi í pé níbo ló ti rí i.” Bí ẹ bá kọ́kọ́ kà á, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ ní orúkọ “ìgbẹ́kẹ̀lé”. Ẹ tún un kà. Kò sọ pé òun gba ẹ̀gbọ́n òun gbọ́. Ó ní òun ò lè bi í ni. Ọ̀wọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ sì wo “kàn” inú gbólóhùn àkọ́kọ́: ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló fi bọ́ ẹrù náà kúrò lórí ara rẹ̀. Bí “kàn” yìí bá tún yọ lẹ́nu ẹlòmíì mẹ́rin, a jẹ́ pé ẹ ti rí nǹkan tí ìwé ìbéèrè onímààkì ò lè rí láéláé.

Ìbéèrè: Kí ni kò ní jẹ́ kó rí kìkì ohun tó ń wá?

Ìdáhùn: Ìbéèrè rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. “Ṣé ẹ̀rù kì í bà yín pé irọ́ ni?” ti dáhùn ara rẹ̀ tán. “Ẹ sọ bí èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ṣe lọ fún mi” ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó wá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tako èrò rẹ̀ kiri, kó sì fi í sínú iṣẹ́. Àwọn kan ní kó gbé èsì padà fún àwọn tó bi, kí wọ́n wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó dára, àmọ́ èmi ò gbára lé e púpọ̀: ta ló máa fẹ́ fọwọ́ sí i pé òun ló ń fi “kàn” sá fún ẹ̀bi?

Ìbéèrè: Ṣé ó lè wá sọ pé bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe nìyẹn níbi gbogbo?

Ìdáhùn: Rárá o. Ó lè sọ àwọn ìdí tó rí àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí mẹ́sàn-án nínú méjìlá bá sọ ohun kan náà, tó wá kọ “ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún” sí i, ẹ ní kó pa á rẹ́: méjìlá ò lè ṣojú gbogbo ènìyàn.