Bí ìbò ṣe di bẹntiróòlù: ohun tó bí Wẹ́tìẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn

Àwọn tó ń sọ ìtàn Wẹ́tìẹ, rògbòdìyàn tí wọ́n ti ń da bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé lára kí wọ́n tó ṣáná sí i, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, ọjọ́ tí wọ́n dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Lóòótọ́, ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn ni iná sọ, ṣùgbọ́n igi tó jó ti gbẹ láti ọdún mẹ́ta ṣáájú. Inú ń bí ènìyàn lójoojúmọ́ láìsun ilé ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí gbogbo ọ̀nà tí ará ìlú lè gbà yọ alágbára nípò bá dí tán ni ìbínú ń wá ìṣáná kiri.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jà sí. Ẹgbẹ́ tó bá mú Ìbàdàn, olú ìlú Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà náà ti mú abúlé pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń pinnu iye owó orí, kóòtù ìbílẹ̀ ló ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti ìyàwó, akódà ló ń mú ẹni tí kò san. Ìjọba Ìbàdàn sì lè tú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká, kó fi àwọn ènìyàn tirẹ̀ rọ́pò wọn. Iṣẹ́ àgbàṣe, ìsọ̀ ọjà, owó oṣù ọba, orísun kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣàn wá. Ọdẹ́mọ Ìṣarà, Ọba Samuel Akinsanya, kò kúrò lẹ́yìn Awólọ́wọ̀. Ìjọba Akíntọ́lá, Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn, gé owó oṣù rẹ̀ títí ó fi ku kọ́bọ̀ kan lọ́dún. Bí wọ́n bá ṣe èyí sí ọba, kí ni wọn ò ní ṣe sí àgbẹ̀?

Nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), ẹgbẹ́ tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Awólọ́wọ̀ lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ lẹ́yìn ìbò 1959, Akíntọ́lá di Pírẹ́míà, àwọn méjèèjì sì ya ara wọn. Ní oṣù karùn-ún 1962, aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ ọ́, ó sì fi Adégbẹ́nró, ọmọ ẹ̀yìn Awólọ́wọ̀, sípò. Lọ́jọ́ 25 tí ilé jókòó, àga fò, ọ̀pá àṣẹ fọ́, ọlọ́pàá yin tajútajú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin péré, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, Dókítà Májẹ̀kódùnmí sì ṣe alákòóso fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ọdún 1963 wọlé, Akíntọ́lá padà sórí àga láìdìbò kankan.

Adégbẹ́nró gbé ẹjọ́ pé yíyọ tí Gómìnà yọ Akíntọ́lá bófin mu dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, ó sì jàre ní oṣù karùn-ún 1963. Kí ni ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ṣe? Wọ́n tún òfin ṣe, wọ́n sì ní kó ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn títí dé oṣù kẹwàá 1960, ìdájọ́ náà sì di ìwé lásán. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ìbò ló kù. Láti 1960, ará Ìwọ̀-Oòrùn kò tíì dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ tiwọn. Bí wọ́n ṣe ba tọdún 1965 jẹ́ yẹ ká wò dáadáa, nítorí kì í ṣe inú àpótí ni èyí tó burú jù ti ṣẹlẹ̀. Olùdíje gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò lọ́wọ́ kí àsìkò tó pé. Ní àwọn àdúgbò kan, òṣìṣẹ́ náà fi tọwọ́ Dẹ́mọ̀ (NNDP, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá) sápò, ó sì pòórá. Nígbà tí àsìkò pé, wọ́n ní Dẹ́mọ̀ wọlé láìní alátakò. Lọ́jọ́ ìbò, ìwé ìbò wà lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn kíkà, àwọn olùdíje kan mú ìwé ẹ̀rí pé àwọn wọlé dání, rédíò Ìbàdàn sì kéde orúkọ ẹlòmíràn. Ìkéde rédíò yìí ló dáná. Jìbìtì tó bá wà níkọ̀kọ̀ ṣeé jiyàn lé lórí. Èyí tí gbogbo abúlé ti ka ìbò rẹ̀ tán kò ṣeé gbé mì.

Ìjà náà kò sì ní ṣòro láti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń bọ́ jàǹdùkú tó ń ṣọ́ ìpàdé wọn. Iye tí ìjọba ń ra kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ já wálẹ̀ gan-an, nítorí náà oko ò mówó wá, àwọn ọ̀dọ́ sì wà nílé. Bẹntiróòlù kò wọ́n, ojú títì ló sì wà. Wọ́n á dí ọ̀nà, wọ́n á bi awakọ̀ pé ẹgbẹ́ wo ló ń ṣe. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, igbe “wẹ́ẹ̀tì ẹ” ló kù. Ní Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Mushin, ilé Dẹ́mọ̀ ni wọ́n ń yàn jó, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ti oyè pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ tètè rí i pé orúkọ “Dẹ́mọ̀” ṣeé lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́pàá ò tó, apá wọn ò sì ká ìgbèríko. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ tó kéde pàjáwìrì nítorí àga tó fò ní 1962 kò kéde ohunkóhun fún oṣù mẹ́ta tí ilé fi ń jó. Ọ̀rẹ́ wọn ló wà lórí àga báyìí. Ológun ló wá dá sí i ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966. Akíntọ́lá wà lára àwọn tí wọ́n pa.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà kan náà ní oṣù kẹjọ 1983. Wọ́n kéde pé Ọmọ́bọríowó ló wọlé ìbò gómìnà dípò Ajáṣin tó wà lórí àga, ilé jó, wọ́n pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí Ajáṣin gbé lọ kóòtù lọ́tẹ̀ yìí so èso: àwọn adájọ́ dá ìbò padà fún un, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi ọwọ́ sí i, ó sì padà sọ́fíìsì lọ́dún náà. Iná Oǹdó jó fún ìwọ̀nba ọjọ́, kò jó fún oṣù mẹ́ta.