Kí Ló Ń Gbé Jẹjẹrẹ Ọmú Dé Egungun?

Ìbéèrè tí àwọn ẹbí aláìsàn máa ń bi àwa tí à ń yẹ ẹran ara wò ní Adó-Èkìtì nìyí: "Dókítà, ọmú lẹ ní ó ń ṣe màmá wa, báwo ló ṣe wá di ọ̀rọ̀ egungun?" Àwọn mìíràn ti dá ẹjọ́ náà tán kí wọ́n tó dé: ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ ló tú u ká. Ọ̀bẹ kọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ara sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀.

Awọ fẹ́lẹ́ kan ló bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, oríṣiríṣi pùròtéènì ló sì wà lára awọ yẹn. Àwọn kan ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ìkejì rẹ̀, àwọn kan ń gba iṣẹ́ tí ara rán sí i. E-cadherin wà lára àwọn tó ń soni mọ́ra. Nínú irú jẹjẹrẹ ọmú tí à ń pè ní lobular, ó sábà máa ń pòórá, àwọn sẹ́ẹ̀lì á sì tú, wọ́n á máa tò lọ́kọ̀ọ̀kan gba àárín ẹran kọjá. Irú èyí lè má di kókó rárá. Ọmú kàn lè ki lápá kan, kí obìnrin má sì fura.

Ní 1889, Stephen Paget, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, yẹ ọ̀rọ̀ obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa wò. Ó ní irúgbìn ni àìsàn yìí, ilẹ̀ tó bá gbà á ló ń hù sí. Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé tó mọ ibi tí kòkó ń ṣe dáadáa kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2001, àwọn olùwádìí tọ́ka sí CXCR4, pùròtéènì tó ń darí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú lọ síbi tí kẹ́míkà kan bá ti pọ̀: ẹ̀dọ̀fóóró, ẹ̀dọ̀, mùdùnmúdùn egungun, àwọn kókó abíyá. Ibẹ̀ náà la ti sábà ń bá a.

Ṣùgbọ́n HER2, ọ̀kan nínú àwọn pùròtéènì ara awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́, ló kan ìwòsàn yín jù. Gbogbo wa la ní in díẹ̀díẹ̀. Nínú obìnrin 100 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, bíi 15 sí 20 ni tiwọn pọ̀ kọjá ààlà, kò sì yé pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pín. Ní 1987, Dennis Slamon àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé jẹjẹrẹ àwọn wọ̀nyí tètè ń padà wá. Nígbà tó di 1998, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí trastuzumab, oògùn tó ń di HER2 mú láti ìta. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká méfò.

Bí HER2 bá pọ̀, tí mo bá fi aró kun ẹran náà, tí mo gbé e sábẹ́ awò, àwọ̀ búráùn á yí etí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan po, á ṣú kirikiri, inú rẹ̀ á mọ́. Mo kọ 3+ nìyẹn, ìyẹn ni pé HER2 pọ̀ dájúdájú. 2+ kò tíì dájú. Àyẹ̀wò tó ń ka jíìnì rẹ̀ ló ń báni parí ẹ̀. (Àwọn pùròtéènì méjì tó ń gba iṣẹ́ họ́mọ́ọ̀nù, ER àti PR, tí ẹ máa ń rí lórí ìwé èsì kan náà, inú sẹ́ẹ̀lì ni tiwọn wà. Jẹjẹrẹ tí HER2 rẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì ní ER tàbí PR, ni wọ́n ń pè ní triple negative. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju àwọn òyìnbó lọ, trastuzumab kò sì ràn án.)

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Wọ́n á gbé ẹran ara wá láti ọ̀nà jíjìn nínú sípírítì, nínú omi lásán, àní nínú ọ̀rá. Pùròtéènì ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ibi tó yẹ kí n rí 3+, òfo ni mo lè rí. Fọ́máálìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́, ló yẹ kó bọ́ sí láàárín wákàtí kan tí wọ́n gé e, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó má sì kọjá 72. Òórùn mọ́ṣúárì rẹ̀ kò gbọdọ̀ bà yín lẹ́rù.

Nítorí náà, lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, kí ẹnì kan nínú ẹbí bi nọ́ọ̀sì léèrè ohun tí wọ́n fi ẹran náà sí, kó sì rí i pé wọ́n kọ aago sára ìgò. Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú ẹran ara tí a rì sínú ìda kó lè pẹ́ sí, torí ó ṣeé yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bí jẹjẹrẹ bá sì yọ níbòmíràn lọ́jọ́ iwájú, ẹ ní kí wọ́n yẹ HER2 ti ibẹ̀ náà wò. Ó lè má bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba mọ́.